Bí ẹ ṣe lè wọn tírígà èágọ́ọ̀nù yín kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan súkúrù rẹ̀

Ẹ̀yin ará Àkúrẹ́, Oǹdó, Ìdànrè, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní èágọ́ọ̀nù, ìbọn tó ń fi afẹ́fẹ́ ta ọta, tẹ́ ẹ fi ń lé ọ̀kẹ́rẹ́ lóko kòkó, ọ̀rọ̀ tírígà yìí, ibi tí ìka ń fà kí ìbọn tó yìn, ló kù tí a ò tíì jọ sọ dáadáa. Gbogbo ìgbà ni mo ń gbọ́ ọ, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dẹ tírígà yìí, ó ti le jù", ṣùgbọ́n tí mo bá bi onítọ̀hún pé báwo ló ṣe le tó, kílò mélòó ló ń gbà kó tó já, ìyẹn kí ìbọn tó yìn, ńṣe ló máa máa wò mí lójú, á ní ìka òun ló sọ fún òun. Ìka kẹ̀! Ìka tó ti di àdá mú látàárọ̀, ìka tí ọyẹ́ ti mú láago mẹ́fà ìdájí, ṣé ìyẹn ló máa sọ òótọ́ fún èèyàn? Tírígà tó gùn kó tó já, tó dẹ̀ ń ha bí ẹ ṣe ń fà á, ìka máa ní ó wúwo, bẹ́ẹ̀ ó lè má ju kílò kan àtààbọ̀ lọ. Èyí tó kúrú tó já lẹ́ẹ̀kan náà, ìka máa ní ó fúyẹ́, ẹ gbé e sí sìkéèlì, ẹ máa bá kílò méjì níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n ná, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ tó wá sukurudiráífà kiri.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti òfin kíá, torí ó kàn wá. Ọ̀pọ̀ nǹkan tẹ́ ẹ máa rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì nípa tírígà, ìbọn ìléwọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà ni wọ́n ń sọ. Wọ́n á ní ìbọn ìléwọ́ kan tó ń jẹ́ Glock 17 ń jáde láti ilé iṣẹ́ pẹ̀lú páùn 5.5, ìyẹn bíi kílò 2.5, torí páùn kan ò ju giráàmù 454 lọ. Wọ́n á ní rifọ́fà, ìyẹn ìbọn ìléwọ́ tí ilé ọta rẹ̀ ń yí, tẹ́ ẹ bá fa tírígà rẹ̀ láìkọ́kọ́ gbé òòlù rẹ̀ sẹ́yìn, ń gba páùn 10 sí 12, ìyẹn sún mọ́ kílò 5. Ó dáa kéèyàn mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tiwa ṣá. Òfin ìbọn Nàìjíríà tó ti wà látọdún 1959 kó ìbọn ìléwọ́ àti rifọ́fà sí ìsọ̀rí àwọn tó jẹ́ èèwọ̀, àfi ẹni tí Ààrẹ bá fún níwèé àṣẹ. Èágọ́ọ̀nù àti èápístù, ìyẹn ìbọn ìléwọ́ tó ń lo afẹ́fẹ́, wà ní ìsọ̀rí kejì pẹ̀lú ìbọn alẹ́nu méjì, láísẹ́ǹsì ọlọ́pàá lẹ máa gbà fún un. Ṣakabùlà àwọn bàbá wa wà ní ìsọ̀rí kẹta, òun náà dẹ̀ ní láísẹ́ǹsì tirẹ̀. Kẹ́nikẹ́ni má tàn yín pé èágọ́ọ̀nù ò gba láísẹ́ǹsì torí pé kò ní ẹ̀tù nínú, irọ́ ni. Òfin yẹn náà ò fẹ́ kí gbogbo ẹni tó mọ irin lò máa tún ìbọn ṣe láìgbàṣẹ, ìyẹn ló fi jẹ́ pé ohun tí mo máa sọ níbí kò kọjá súkúrù tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ìbọn yẹn fúnra wọn fi síbẹ̀ pé kí ẹni tó ni ín máa yí. Ọ̀rọ̀ fáìlì àti gíríńdà ò sí níbí rárá.

Ó yá, kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ìbọn gan-an? Èyí tó pọ̀ jù lọ́wọ́ wa ni èyí tí a ń ká bárẹ́ẹ̀lì rẹ̀ wálẹ̀. Sípírìn ńlá kan wà nínú ẹ̀, pístìn wà níwájú sípírìn yẹn, tẹ́ ẹ bá ti ká bárẹ́ẹ̀lì wálẹ̀, sípírìn á fún pọ̀, irin kékeré kan tó dà bí eyín á wá há pístìn mọ́ ẹ̀yìn kó má lè padà. Eyín yẹn nìkan ló dúró láàárín yín àti ọta. Kò síṣẹ́ míì tí tírígà ń ṣe ju pé kó yọ eyín yẹn kúrò níbi tó há sí, agbára tó sì ná yín láti yọ ọ́ la ń pè ní ìwúwo tírígà. Tẹ́ ẹ bá fara balẹ̀ fà á, ẹ máa rí i pé tírígà tó dáa máa ń kọ́kọ́ wá wẹ́rẹ́ láìṣe nǹkan kan, lẹ́yìn náà á dúró bí ẹni kan ògiri, ẹ wá máa fi díẹ̀ kún un, á já. Ibi tó kan ògiri yẹn títí dé ibi tó ti já ni a fẹ́ wọ̀n. Bó bá já tán, ó ṣì lè rìn sẹ́yìn díẹ̀ sí i, ìrìn yẹn ò sí nínú ìwúwo ṣùgbọ́n ó máa ń mi ìbọn, ẹ fi sọ́kàn.

Ohun kan wà tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń ba ìbọn wọn jẹ́. Èágọ́ọ̀nù onísípírìn kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ máa yìn lófìfo. Tí ọta bá wà lẹ́nu bárẹ́ẹ̀lì, afẹ́fẹ́ tó há síwájú pístìn ló máa ń gbà á dúró díẹ̀ kó má fi gbogbo agbára gbá ògiri iwájú. Tí ọta ò bá sí, afẹ́fẹ́ yẹn á sá lọ, pístìn á lọ gbá irin pọ́ọ̀, rọ́bà tó wà lórí ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, sípírìn náà á jìyà. Nítorí náà, ẹ máa wọ̀n ọ́n pẹ̀lú ọta nínú, ìyẹn dẹ̀ túmọ̀ sí pé gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá wọ̀n ọ́n ẹ yìnbọn nìyẹn, kẹ́ ẹ ṣe é bí ẹni tó ń yìnbọn ni. Ẹ̀yìnkùlé tó ní ògiri búlọ́ọ̀kù, kì í ṣe bákónì òkè ilé ní Ìjàpọ̀ tàbí Alágbàká l'Ákúrẹ́ níbi tí ọmọ ẹlẹ́ni ń kọjá nísàlẹ̀. Ẹ rọ iyanrìn sínú àpò sìmẹ́ǹtì méjì, ẹ tò wọ́n síra, ẹ kọjú ẹnu ìbọn sí àárín wọn, kó má jìnnà ju ìṣísẹ̀ méjì sí mẹ́ta lọ. Ẹ lé àwọn ọmọdé wọlé. Ẹ wọ gíláàsì sójú, torí ọta lè ta padà.

Nígbà tẹ́ ẹ bá ká bárẹ́ẹ̀lì wálẹ̀, ọwọ́ kan ò gbọ́dọ̀ kúrò lára bárẹ́ẹ̀lì títí ẹ máa fi tì í padà. Mo ń sọ ọ́ kíkankíkan. Tí eyín yẹn bá yọ nígbà tí bárẹ́ẹ̀lì ṣì ṣí, bárẹ́ẹ̀lì á fò padà sókè pẹ̀lú gbogbo agbára sípírìn, ìka tó bá wà níbi tẹ́ ẹ ti ń ki ọta máa lọ sí i. Ọwọ́ òsì di bárẹ́ẹ̀lì mú, ọwọ́ ọ̀tún ki ọta, ìka kankan ò gbọ́dọ̀ wà nítòsí tírígà.

Ní ti irinṣẹ́, ẹ ò nílò nǹkan òyìnbó olówó ńlá. Ẹ lọ sí Ọjà Ọba tàbí Arákàlẹ̀, ẹ bi àwọn tó ń ta báàgì àti ẹrù ìrìnàjò, ẹ ní sìkéèlì tí wọ́n fi ń wọn báàgì kẹ́ ẹ tó lọ sí èápọ́ọ̀tù, èyí tó ní ìkọ́ nísàlẹ̀ tó ń fi nọ́ńbà hàn. Èyí tó wọ́pọ̀ ń wọ̀n dé kílò 50, ó ń fò ní giráàmù 10 sí 10, ìyẹn tó fún iṣẹ́ yìí. Kẹ́ ẹ wá bóyá ó máa ń di nọ́ńbà tó ga jù mú lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá fà á, torí ibi tí tírígà já sí ń kọjá lójú wéré. Èyí tí kì í bá dì í mú, ẹ fi fóònù ṣe fídíò rẹ̀, ẹ wá dá a dúró níbi tó ti já.

Sìkéèlì yẹn náà, ẹ dán an wò kẹ́ ẹ tó gbà á gbọ́. Ẹni tó bá ti ta kòkó rí ní Oǹdó yìí ò nílò kí n ṣàlàyé pé sìkéèlì lè purọ́. Omi ni ẹ máa fi dán an wò, lítà kan omi jẹ́ kílò kan gééré. Ẹ wá ọ̀rá tàbí bọ́tù tó fẹ́rẹ̀ má wúwo, ẹ kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n lófìfo, ẹ wọn lítà kan omi sínú ẹ̀ pẹ̀lú nǹkan tó ní àmì dáadáa, ẹ fi kọ́ sìkéèlì. Tó bá kúrò ní kílò kan pẹ̀lú ìwúwo ọ̀rá yẹn, ẹ kọ iye tó fi kúrò sílẹ̀, ẹ ó máa yọ ọ́ tàbí kẹ́ ẹ máa fi kún un. Ẹ má fi píọ́ wọ́tà ṣe é torí wọ́n kọ 50cl sí i lára, inú ọ̀rá kan á kún, inú èkejì á fẹ́, ohun tí mo ń wí ni omi tẹ́ ẹ fúnra yín wọ̀n.

Ó wá ku ìkọ́ tó máa mú tírígà. Ìkọ́ sìkéèlì nípọn jù, á tún ha tírígà. Okùn nílọ́ọ̀nù tí àwọn apẹja ń lò ló dáa, tàbí wáyà háńgà tẹ́ ẹ ká, tẹ́ ẹ ki sínú rọ́bà dírípù kó má baà yọ̀. Ẹ ṣe é ní ojóbó, kó fi bí ibú ìka méjì gùn, kó lè kọjá láàárín irin tó yí tírígà ká láìfara kan án.

Ẹ tẹ́ ìbọn sórí àpò iyanrìn kékeré méjì lórí tábìlì, ọ̀kan lábẹ́ igi iwájú, ọ̀kan lábẹ́ ìdí, kó má lè yí. Ẹnìkan á di ìdí ìbọn mú ṣinṣin, tẹ́ ẹ bá nìkan wà, ẹ fi okùn dè é mọ́ tábìlì. Ẹ kọ́ọ̀kì rẹ̀, ìyẹn ni pé kẹ́ ẹ ká bárẹ́ẹ̀lì wálẹ̀ títí eyín á fi há pístìn, ẹ ki ọta, ẹ tì í, ẹ fi ojóbó yẹn sí àárín tírígà níbi tí ìka yín máa ń wà, ẹ sún séfútì, irin tí kì í jẹ́ kí tírígà já, kúrò. Ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í fa sìkéèlì sẹ́yìn, kó bá bárẹ́ẹ̀lì dọ́gba gẹ́lẹ́, kì í ṣe sókè, kì í ṣe sísàlẹ̀, kì í ṣe sẹ́gbẹ̀ẹ́. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ o. Ẹ jẹ́ kó tó ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta sí márùn-ún láti ibi tó kan ògiri dé ibi tó já. Ẹni tó bá fà á já lẹ́ẹ̀kan, sìkéèlì máa ka ìjá ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ọn, nọ́ńbà yẹn á ga ju bó ṣe yẹ lọ.

Ibi tí okùn wà lára tírígà ṣe pàtàkì débi pé òun ló ń jẹ́ kí èèyàn méjì wọn ìbọn kan náà kí wọ́n sì máa bá ara wọn jiyàn. Tírígà ní pín-ìn-nì kan lókè tó fi ń yí. Ẹ wo ẹni tó fẹ́ ṣí ilẹ̀kùn, tó bá tì í nítòsí ìsopọ̀ rẹ̀ á làágùn, tó bá tì í létí ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà á ṣí wẹ́rẹ́, bí tírígà náà ṣe rí nìyẹn. Ká ní àárín tírígà fi sẹ̀ǹtímítà 2 jìnnà sí pín-ìn-nì, tó sì gba kílò 1.5 níbẹ̀, tẹ́ ẹ bá sún okùn lọ sísàlẹ̀ dé sẹ̀ǹtímítà 2.5, sìkéèlì máa sọ kílò 1.2 fún yín. Ìbọn ò yí padà, okùn ló sún. Ẹ fi kútẹ́ẹ̀sì obìnrin tọ́ ojú kan sára tírígà, ibẹ̀ ni okùn máa wà lónìí, ibẹ̀ ló máa wà lọ́dún tó ń bọ̀.

Ẹ ò gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan kẹ́ ẹ ní ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀márùn-ún, ó kéré tán, ẹ kọ gbogbo ẹ̀. Ká ní ó jẹ́ 1.62, 1.58, 1.70, 1.60, 1.65. Ẹ kó wọn pọ̀, kílò 8.15, ẹ pín in sí márùn-ún, 1.63 nìyẹn. Ìyẹn ni ìwúwo tírígà yín. Ẹ tún wo èyí tó ga jù àti èyí tó kéré jù, 1.70 àti 1.58, àlàfo wọn jẹ́ giráàmù 120. Lójú tèmi o, àlàfo yẹn ṣe pàtàkì ju 1.63 lọ. Tírígà tó ń gba kílò méjì lónìí, lọ́la, nínú òjò, nínú ọyẹ́, ọwọ́ máa mọ̀ ọ́n lára, ọta á máa lọ síbi tẹ́ ẹ fẹ́. Èyí tó gba 1.2 nísinsìnyí, tó gba 1.9 lẹ́yìn ẹ̀, kò sí ọwọ́ tó lè mọ̀ ọ́n, kò sì sí súkúrù tó máa wò ó sàn, nǹkan míì ló ń ṣe é.

Ohun tó máa ń ṣe é nílẹ̀ wa níbí, ìdọ̀tí ni. Ẹ lọ wo bí ọ̀pọ̀ ṣe ń tọ́jú ìbọn, wọ́n á da àdín sí i, ẹlòmíì á da òróró ìdáná, pé kó lè máa yọ̀. Epo tó tinú èso wá máa ń gbẹ, á di bí gọ́ọ̀mù, eruku kòkó àti eruku ọyẹ́ á wá lẹ̀ mọ́ ọn, ọ̀rinrin òjò á tún fi ìpẹtà kún un. Tírígà yẹn gbọ́dọ̀ le kẹ̀! Ẹ nu gbogbo ojú ibi tí ọwọ́ bá dé láìtú inú ìbọn, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ ha á, ẹ lo ohun ìfọbúréèkì àwọn mẹkáníìkì díẹ̀ lórí aṣọ, kì í ṣe kẹ́ ẹ fọ́n ọn síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ fi gírísì tó kéré bí orí pín-ìn-nì sí ibi tí irin ti ń fara kan irin. Òróró kankan ò gbọ́dọ̀ ṣàn lọ síwájú pístìn o, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ máa ń gbóná gan-an nígbà tó bá fún pọ̀, òróró á gbiná níbẹ̀, ẹ máa gbọ́ ìró ńlá, ẹ máa rí èéfín, sípírìn lè kán. Tẹ́ ẹ bá fọ̀ ọ́ tán, ẹ tún wọ̀n ọ́n. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ibí lọ̀rọ̀ máa ń parí sí, kílò 2.4 á di 1.9 láìsí pé ẹnikẹ́ni yí nǹkan kan.

Tí ẹ bá ṣì fẹ́ yí i, ẹ ṣí ìwé tó bá ìbọn wá, ẹ wá súkúrù tí wọ́n sọ pé ó wà fún ìwúwo. Ọ̀pọ̀ ìbọn máa ń ní ju súkúrù kan lọ, wọn ò dẹ̀ kí í ṣe iṣẹ́ kan náà. Ọ̀kan ń fún sípírìn kékeré tírígà tàbí kó dẹ̀ ẹ́, ìyẹn ló ń yí ìwúwo. Ọ̀kan ń yí bí tírígà ṣe gùn tó kó tó kan ògiri. Ìkẹta, tó bá wà, ń yí bí eyín ṣe há wọlé tó. Èyí ìkẹta yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀. Òun ni wọ́n máa ń yí tí tírígà fi ń dùn ún fà, òun náà dẹ̀ ni ìbọn fi ń dá yìn nígbà tẹ́ ẹ bá gbé e kalẹ̀. Tí ẹ ò bá rí ìwé ìbọn yín, tẹ́ ẹ ò sì mọ èwo ni èwo, ẹ má yí ìkankan, ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà ìbọn sínú Google, ilé iṣẹ́ tó pọ̀ ló gbé ìwé wọn síbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Kẹ́ ẹ tó yí i, ẹ fi kútẹ́ẹ̀sì yẹn fa ìlà kan láti orí súkúrù bọ́ sí ara irin tó yí i ká, kẹ́ ẹ lè mọ ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Ìbọn ò gbọ́dọ̀ wà ní kọ́ọ̀kì nígbà tẹ́ ẹ bá ń yí i. Ẹ yí i ní ìdá kan nínú mẹ́rin ìyípo kan, kò gbọ́dọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lára ọ̀pọ̀ ìbọn, tẹ́ ẹ bá yí i síta ó ń fúyẹ́, tẹ́ ẹ bá yí i sínú ó ń wúwo, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí sìkéèlì sọ ọ́ fún yín. Ẹ yìn ín, ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀márùn-ún, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ wá ronú bóyá ẹ tún fẹ́ yí i. Ẹni tó bá yí i ní ìyípo méjì lẹ́ẹ̀kan, súkúrù lè bọ́ sílẹ̀ pátápátá nínú oko, kò dẹ̀ ní rí i nínú ewé kòkó.

Ibo ló yẹ kó dúró sí? Fún ìbọn tẹ́ ẹ ń gbé wọ oko, tẹ́ ẹ ń fi ọwọ́ tó làágùn mú, tẹ́ ẹ ń gbé kọjá lábẹ́ ẹ̀ka, èmi ò ní fẹ́ kó wá sísàlẹ̀ kílò kan àtààbọ̀. Láàárín 1.5 sí 2 dáa. Mo mọ̀ pé ẹlòmíì máa ní òun rí ìbọn ìdíje tó ń gba ìdajì kílò. Òótọ́ ni. Nínú ìdíje èápístù mítà 10, àjọ ISSF tó ń darí ìdíje ìbọn lágbàáyé ò gbà kí tírígà fúyẹ́ ju giráàmù 500 lọ, ti ìbọn ìléwọ́ mítà 25 jẹ́ giráàmù 1000, kódà ti èágọ́ọ̀nù gígùn mítà 10 ò ní òǹkà kankan. Àwọn yẹn ń dúró lójú kan, lórí ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ, ìbọn wọn ò ní ọta nínú àfi tí wọ́n bá kọjú sí àmì. Ẹni tó ń fò kọjá odò lọ́nà oko ò lè fi ara rẹ̀ wé wọn.

Àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní èápístù ìdíje gan-an, ọ̀nà tí àwọn àjọ yẹn fi ń wọ̀n ọ́n rọrùn, ẹ lè ṣe é nílé. Wọn kì í fà á, wọ́n ń gbé e ni. Wọ́n máa ń gbé irin tó wúwo giráàmù 500 sílẹ̀ lórí tábìlì, ìkọ́ wà lórí ẹ̀, wọ́n á kọ́ọ̀kì ìbọn tí ọta kankan ò sí nínú ẹ̀, wọ́n á kọ́ tírígà mọ́ ìkọ́ yẹn ní àárín, ẹnu ìbọn á wà lókè gangan, wọ́n á wá rọra gbé ìbọn sókè títí irin yẹn á fi kúrò nílẹ̀. Tó bá dúró láìjá, ó yege. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n gbà kéèyàn gbìyànjú. Tiyín nílé, ẹ wá bọ́tù 50cl, ẹ so wáyà mọ́ ọn lọ́rùn, ẹ gbé bọ́tù pẹ̀lú wáyà sórí sìkéèlì kíṣìnnì, ẹ máa fi ṣíbí kán omi sí i títí á fi di 500 gééré. Ìbọn ìdíje tó ń lo afẹ́fẹ́ inú sìlíńdà sábà máa ń ní ibi tẹ́ ẹ lè sún sí tí tírígà á fi máa já láìtú afẹ́fẹ́, ẹ fi ṣe ìdánrawò níbẹ̀, ṣùgbọ́n níbi ìdíje afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń wọ̀n ọ́n. Ẹ jẹ́ kí tiyín wà ní bíi 520, kẹ́ ẹ má lọ sún mọ́ etí 500 débi tí eruku tàbí otútù á fi já yín kulẹ̀.

Lẹ́yìn gbogbo ìyípadà, ìdánwò mẹ́ta kan wà tí ẹ ò gbọ́dọ̀ fò. Ìbọn wà ní kọ́ọ̀kì, ọta wà nínú ẹ̀, ẹnu rẹ̀ kọjú sí iyanrìn. Àkọ́kọ́, séfútì wà lórí, ẹ fi sìkéèlì fa tírígà dé ìlọ́po méjì ìwúwo rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ já, ẹ sì tú sìkéèlì sílẹ̀, ẹ sún séfútì kúrò láìfọwọ́ kan tírígà, kò gbọ́dọ̀ já níbẹ̀ náà. Èkejì, séfútì ti kúrò, ẹ fi òòlù rọ́bà gbá ìdí ìbọn, ẹ gbá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, gbígbá tó jọ ti ìbọn tó já lọ́wọ́ èèyàn kan igi. Ẹ̀kẹta, ẹ fa tírígà dé ibi tó kan ògiri, ẹ wá tú u sílẹ̀, ẹ wò ó bóyá ó padà síwájú pátápátá. Èyí tó bá dúró lójú kan tí kò padà, eyín ti jáde ní ìdajì, ìyẹn léwu ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ yí súkúrù padà sí ìlà kútẹ́ẹ̀sì kíá. Èyí tó bá yìn nínú ìdánwò kan, ìbọn yẹn ò gbọ́dọ̀ jáde nílé mọ́ títí tí ẹni tó níwèé àṣẹ àtúnṣe á fi wò ó.

Ẹ̀yin ọlọ́dẹ tẹ́ ẹ ní ìbọn alẹ́nu méjì, ẹ máa bi mí pé tiyín ńkọ́, ẹ̀yin bàbá mi. Ẹ lè wọn tiyín pẹ̀lú sìkéèlì kan náà, pẹ̀lú kátíríìjì òfìfo ìdánrawò tó ń gba irin ìgbáná dúró, kẹ́ ẹ sì wọn tírígà méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ti iwájú tó sábà jẹ́ ti bárẹ́ẹ̀lì ọ̀tún àti ti ẹ̀yìn tó jẹ́ ti òsì. Tẹ̀yìn sábà máa ń wúwo díẹ̀ ju tiwájú lọ, nítorí ìbọn máa ń ta padà nígbà tí bárẹ́ẹ̀lì kìíní bá yìn. Ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ mọ̀ ọ́n, ó parí síbẹ̀. Kò sí súkúrù nínú ọ̀pọ̀ wọn, fáìlì ni alágbẹ̀dẹ máa gbé sí eyín rẹ̀. Tó bá rẹ́ ẹ jù, bárẹ́ẹ̀lì kìíní á yìn, ìmìtìtì rẹ̀ á yọ eyín èkejì, méjèèjì á yìn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà sí èjìká bàbá àgbàlagbà. Ṣakabùlà àti àgbélẹ̀rọ, ẹ má tilẹ̀ dá a lábàá.

Ẹ wá ìwé kékeré kan tí ẹ máa fi pamọ́ pẹ̀lú láísẹ́ǹsì. Ẹ kọ déètì, ìwúwo márààrún, àlàfo, ibi tí súkúrù wà sí ìlà kútẹ́ẹ̀sì, ẹ tún kọ bóyá ìgbà òjò ni àbí ọyẹ́. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan nígbà tí òjò bá dáwọ́ dúró, lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà tí ọyẹ́ bá kásẹ̀ nílẹ̀, àti ìgbàkigbà tí ìbọn bá ṣubú. Tó bá jẹ́ pé ẹ ò fọwọ́ kan nǹkan kan, tí ìwúwo sì ń dín kù díẹ̀díẹ̀ láti ìgbà dé ìgbà, 1.8, 1.7, 1.5, ẹ má yọ̀ pé ó ń dẹ̀ fúnra rẹ̀. Eyín ló ń jẹ. Ẹ tú ọta kúrò nínú ẹ̀, ẹ gbé e pẹ̀lú ìwé yẹn lọ bá ẹni tó níwèé àṣẹ, ẹ fi nọ́ńbà hàn án.